Báwo ni ìjọ Lútérù tí àwọn ará Swídìn dá sílẹ̀ ṣe wá ń gba gbogbo ènìyàn?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun àti ọkọ òun pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò tuntun, àti pé ìjọ tó sún mọ́ ilé wọn jù lọ jẹ́ ìjọ Lútérù kan tí àwọn aṣíkiri láti Swídìn dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà pé àwọn ń gba ènìyàn láìwo àwọ̀, láìwo èdè, láìwo ipò, láìwo irú ẹni tí olúwarẹ̀ ń fẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó béèrè: báwo ni ìjọ àwọn ará Swídìn ṣe dé ibi tó ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀; ṣé ẹ̀kọ́ Lútérù ni àbí àṣà òde òní; àti pé kí ni ó yẹ kí òun wò kí òun tó fi orúkọ ìdílé òun sílẹ̀ níbẹ̀.

Arábìnrin mi, ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lẹ́nu ọ̀nà yẹn bá ẹ̀kọ́ àwọn Lútérù ìbẹ̀rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ìṣe àwọn ìjọ wọn tó bá ẹ̀kọ́ náà mu. Ibi mẹ́ta ni a ti ń mọ̀ bóyá ìjọ Lútérù gba ènìyàn ní tòótọ́: ẹni tó ń jẹ nídìí tábìlì Olúwa, ẹni tó ń dìbò nínú ìpàdé ìjọ, àti ẹni tí ìjọ lè pè láti wá wàásù fún un. Àyè ìjókòó kò ṣòro láti fún àlejò. Ìbò àti àga ìwàásù ni ó máa ń ṣòro, ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín sì jẹ́ ìtàn bí àwọn méjèèjì ṣe ń kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìrora tó pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1530, àwọn ọmọ aládé àti àwọn ìlú Jámánì tó ti gba ẹ̀kọ́ Martin Luther mú ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn wá síwájú Ọba Charles Karùn-ún ní ìlú Augsburg. Ìpín keje ìwé náà sọ pé ìjọ ni àpapọ̀ àwọn onígbàgbọ́ níbi tí a ti ń wàásù ìhìnrere láìlábùlà, tí a sì ń ṣe ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bí ó ti tọ́. Ó fi kún un pé èyí ti tó fún ìṣọ̀kan ìjọ, àti pé kò pọn dandan kí àwọn àṣà tí ènìyàn gbé kalẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀: kò sọ̀rọ̀ nípa èdè, kò sọ̀rọ̀ nípa ìran, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí bàbá ènìyàn jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà ni Luther fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tó ti ṣe ìrìbọmi ni àlùfáà níwájú Ọlọ́run, pé iṣẹ́ ni ó yàtọ̀ láàárín wọn, kì í ṣe ipò. Ìpín kẹrìnlá ìwé Augsburg sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ni ní gbangba nínú ìjọ láìjẹ́ pé a pè é bí ó ti yẹ. Láti inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ìjà tó tẹ̀lé e ti jáde, nítorí pé bí ìpè bá jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ pásítọ̀, ẹnì kan ní láti sọ ẹni tí a lè pè àti ẹni tí a kò lè pè.

N kò ní fi ibi tí ó burú pamọ́ fún yín. Luther kan náà tó kọ̀wé nípa oore-ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó kọ ìwé kan ní 1543 tó kún fún ìkórìíra sí àwọn Júù, níbi tó ti gba àwọn aláṣẹ níyànjú pé kí wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù wọn. Ìjọba Násì ti Hitler ní Jámánì lo ìwé náà lẹ́yìn ọ̀rúndún mẹ́rin. Ní 1994 ni Ìjọ Ìhìnrere Lútérù ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ELCA, sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, tí ó sì sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún àwùjọ àwọn Júù. Ìjọ tó bá ń sọ pé òun ń gba gbogbo ènìyàn lórúkọ Luther ní láti mọ̀ pé Luther fúnra rẹ̀ kò gba gbogbo ènìyàn, àti pé ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ ni a fi ń dá a lẹ́jọ́.

Nípa bí ìjọ tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, mo lè sọ púpọ̀ láìtíì rí ìwé rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú wọn gbà. Àwọn ará Swídìn ti mú ìsìn Lútérù wá sí etí odò Delaware láti 1638, ṣùgbọ́n àwọn tó kún Minnesota dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ebi àti àìrílẹ̀ lé wọn kúrò nílé. Ní 1860 ni àwọn ìjọ wọn, pẹ̀lú àwọn kan láti Nọ́wè, dá Sínọ́ọ̀dù Augustana sílẹ̀ ní Wisconsin (àpapọ̀ àwọn ìjọ lábẹ́ àṣẹ kan ni à ń pè ní sínọ́ọ̀dù níbí), orúkọ tí wọ́n fún un sì wá láti inú ìwé Augsburg tí mo mẹ́nu bà. Sínọ́ọ̀dù náà darapọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 1962, àpapọ̀ yẹn sì di apá kan ELCA nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1988. Bí ìjọ yín bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Swídìn wá, tí ó sì ń kọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ kà sí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀nà yìí ni ó gbà.

Àwọn aṣíkiri wọ̀nyẹn kò dá ìjọ sílẹ̀ kí àwọn àjèjì lè wá síbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ Bíbélì ní èdè ìyá wọn, kí àwọn ọmọ wọn má bàa sọnù sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú nínú oko lè rí ẹni sin ín. N kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí. Àwa Yorùbá tí a wà lẹ́yìn odi mọ ìdí tí ènìyàn fi ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn ní èdè rẹ̀. Láti inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ náà ni àánú ti kọ́kọ́ jáde síta. Ní 1865, ní abúlé Vasa ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, Pásítọ̀ Eric Norelius gba àwọn ọmọ òrukàn mẹ́rin sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àjọ Lutheran Social Service of Minnesota ti ń ka ìtàn ara rẹ̀.

Ìdènà àkọ́kọ́ ni èdè, ohun tó sì fọ́ ọ kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ojú ọ̀tá ni wọ́n fi ń wo ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ èdè ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, gómìnà Iowa, William Harding, pàṣẹ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ ní ilé ẹ̀kọ́, ní ìta gbangba, lórí tẹlifóònù, àti nínú ilé ìsìn pàápàá. Nebraska ṣe òfin tirẹ̀ ní 1919. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n mú olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Lútérù kan níbẹ̀, Robert Meyer, nítorí pé ó ń fi èdè Jámánì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ìwé kíkà. Wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 25 fún un. Ó kọ̀ láti san án, ẹjọ́ náà sì lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó dá a láre ní 1923. Mo ń fi ìtàn yìí ránni létí nígbàkúùgbà tí mo bá rí ìjọ Lútérù tó ń ran aṣíkiri lọ́wọ́, nítorí pé ìrántí ìgbà tí òfin ka èdè àwọn baba wọn sí ẹ̀ṣẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ju ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn lọ. Láti 1939 ni àwọn Lútérù Amẹ́ríkà ti ní àjọ tó ń gba àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Lẹ́yìn 1975, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Minnesota ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn ìdílé láti Vietnam àti Laos. Ní 2019, ìpàdé gbogbogbòò ELCA ní Milwaukee dìbò pé kí ẹ̀ka ìjọ náà lápapọ̀ jẹ́ ibi ààbò fún àwọn aṣíkiri.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọ̀ ara, ìtàn náà korò. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ni Jehu Jones. A bí i ní Charleston ní South Carolina ní 1786, ó sì di ọmọ ìjọ Lútérù St. John's níbẹ̀ lábẹ́ Pásítọ̀ John Bachman. Ní 1832, àwọn Lútérù ìpínlẹ̀ New York gbé ọwọ́ lé e lórí, tí ó fi di ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ pásítọ̀ Lútérù ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Liberia ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ ronú sí i: wọ́n ṣetán láti pè é bí ó bá máa lọ wàásù fún àwọn ènìyàn dúdú ní òdìkejì òkun. Ó padà sí Charleston láti múra ìrìn àjò náà, àwọn aláṣẹ sì tì í mọ́lé, nítorí pé òfin South Carolina kò gbà kí ọmọ dúdú olómìnira tó bá ti jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà padà wọlé. Kò dé Liberia. Ó lọ sí Philadelphia, ó kó àwọn ènìyàn dúdú jọ, wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's lélẹ̀ ní 1834. Wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1836. Ní 1839, wọ́n tà á ní gbàǹjo nítorí gbèsè tí àwọn ọmọ ìjọ náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláìní, kò lè san tán.

Ilé náà ṣì dúró ní òpópónà Quince títí di òní, ẹgbẹ́ òṣèré kan ti Yunifásítì Pennsylvania ni ó sì ń lò ó. Mo ka ìtàn St. Paul's sí òṣùwọ̀n fún gbogbo ìjọ tó bá ń sọ pé òun ń gba ènìyàn. Kò sẹ́ni tó lé Jehu Jones jáde nínú ìjọ Lútérù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n kí i, wọ́n sì jẹ́ kí ilé ìjọsìn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1852.

Ní àkókò kan náà, àwọn kan gbìyànjú. Sínọ́ọ̀dù Franckean, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1837, kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹrú ṣe pọ̀. Ní 1839 ni wọ́n gbé ọwọ́ lé Daniel Payne, ọmọ dúdú mìíràn láti Charleston tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Lútérù ní Gettysburg, ó sì dìde níwájú wọn ó bá òwò ẹrú wí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọ Lútérù tó pè é láti máa ṣe pásítọ̀ wọn. Ó bọ́ sọ́dọ̀ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn ọmọ Áfíríkà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ní 1852. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, dípò kí àwọn ìjọ aláwọ̀ funfun ní North Carolina jẹ́ kí àwọn pásítọ̀ dúdú bá wọn jókòó nínú ìpàdé kan náà, wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá sínọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1889.

Ibi tí èyí bá wa dé nìyí. Nígbà tí ELCA bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ó fi í ṣe àfojúsùn pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní láti jẹ́ àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tàbí àwọn tí èdè wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Kò dé ibẹ̀. Ìwádìí tí àjọ Pew ṣe ní 2014 rí i pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ELCA ni ó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní 2019, ẹ̀ka ìjọ náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà nítorí ipa tó kó nínú oko ẹrú àti ohun tó tẹ̀lé e. Ní 2025, wọ́n dìbò yan Yehiel Curry ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Inú mi dùn gidigidi sí èyí. Síbẹ̀ ìbò tí wọ́n dì fún bíṣọ́ọ̀bù àgbà kì í yí ìjọ àdúgbò padà fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní ọjọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ìdílé yín nìkan jẹ́ dúdú nínú rẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó kàn ń sọ fún yín bí iṣẹ́ tó kù ṣe pọ̀ tó.

Ti àwọn obìnrin yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1970 ni méjì nínú àwọn ẹ̀ka ìjọ tó padà di ELCA dìbò pé kí obìnrin máa ṣe pásítọ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé Elizabeth Platz ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Earlean Miller, obìnrin dúdú àkọ́kọ́, tẹ̀lé e ní 1979. April Larson di bíṣọ́ọ̀bù ní 1992, Elizabeth Eaton sì di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 2013. Ṣùgbọ́n gbogbo Lútérù kọ́ ni ó gba ọ̀nà yìí. Sínọ́ọ̀dù Missouri, tó jẹ́ ẹ̀ka Lútérù kejì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, gbà kí àwọn ìjọ rẹ̀ jẹ́ kí obìnrin dìbò ní 1969, kì í sì í gbé ọwọ́ lé obìnrin títí di òní. Ìdí tí wọ́n fi dúró síbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ka ìwé Pọ́ọ̀lù, mo sì mọ àwọn olódodo ènìyàn láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbà pẹ̀lú wọn.

Apá tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, èyí tó kan irú ẹni tí ènìyàn ń fẹ́, ni mo rò pé ó mú yín kọ̀wé sí mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọ tí a ti dàgbà ní ilé kò tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Ní 1974 ni àwọn Lútérù tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ni à ń pè ní ReconcilingWorks lónìí. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ìjọ fi lè sọ ní gbangba pé òun gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ṣe pàtàkì: ìjọ ní láti jókòó, kí ó jíròrò, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tirẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i lọ́nà tí òfin rẹ̀ là sílẹ̀. Pásítọ̀ kò lè dá a ṣe.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, ìjọ méjì ní San Francisco lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan ni St. Francis, ìjọ tí àwọn ọmọ Dẹ́nmáàkì àti àwọn ọmọ Fínlándì para pọ̀ dá sílẹ̀, èkejì sì ni First United. Òfin ELCA nígbà náà sọ pé ẹni tó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀ lè ṣe pásítọ̀ kìkì bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní ní olólùfẹ́ láéláé. St. Francis pe Ruth Frost àti Phyllis Zillhart, obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́, First United sì pe Jeff Johnson. Kò sí ẹni tó ṣèlérí yẹn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn láìgba àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ilé ẹjọ́ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ìjọ méjèèjì sábẹ́ ìdádúró fún ọdún márùn-ún, nígbà tí wọn kò sì yí ìpè wọn padà, ELCA yọ wọ́n kúrò ní òpin 1995.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí wọ́n jà lé lórí dáadáa. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà nítorí ẹni tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹni tó jẹ nídìí tábìlì. Ìpè ni wọ́n jà lé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà Jehu Jones àti nígbà àwọn obìnrin. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún kí ìdáhùn tó dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ìpàdé gbogbogbòò ELCA ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ yín, dìbò lórí ìwé ẹ̀kọ́ kan nípa ìbálòpọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè kọjá, iye tó sì jáde ni 676 sí 338, ìdá méjì nínú mẹ́ta gẹ́lẹ́, láìsí ìbò kan lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dìbò pé kí àwọn ìjọ tó bá fẹ́ lè pe pásítọ̀ tó ń gbé pẹ̀lú olólùfẹ́ tó jẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́ sí ara wọn títí ayé. St. Francis padà sínú ELCA ní 2011. Ní ìdàkejì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìjọ jáde, àwọn kan nínú wọn sì dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ ní 2010.

Ohun kan nínú ìpinnu 2009 tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé kò fipá mú ìjọ kankan. Ó gbà pé àwọn ọmọ ìjọ kan náà lè ka Ìwé Mímọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́, kí wọ́n sì dé ibi tó yàtọ̀, àti pé ó yẹ kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ara wọn. Nítorí náà, ìjọ ELCA kan lè ní ọ̀rọ̀ bíi ti ìjọ yín lẹ́nu ọ̀nà, kí èkejì tó wà ní òpópónà kejì má ní in, kí bíṣọ́ọ̀bù kan náà sì máa ṣe alábòójútó àwọn méjèèjì. Bí ọkọ yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́, bá ṣì ń ṣiyèméjì lórí apá yìí, kò sí ẹni tó máa ní kó búra kí wọ́n tó gbà á. Ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó má ṣe dí ẹlòmíràn lọ́nà sí tábìlì.

Mo dé orí ìbéèrè yín kẹta. Ìwé òfin ìjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo ìjọ ELCA ní in, kì í sì í ṣe ìwé àṣírí. Àṣà yìí ti pẹ́: láti 1762 ni Henry Melchior Muhlenberg ti kọ irú rẹ̀ fún ìjọ St. Michael's ní Philadelphia, tó fi àṣẹ yíyan àwọn alàgbà sí ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn. Nínú ti òde òní, ẹ óò rí i pé ẹni tó lè dìbò ni ẹni tó ti gba ìgbọ́wọ́lélórí ti ọmọ ìjọ (confirmation, kì í ṣe ti pásítọ̀) tàbí tí ìjọ ti gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí àgbà, tó ti jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa níbẹ̀, tó sì ti ṣe ọrẹ tí a kọ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, láàárín ọdún yẹn tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kò béèrè pé kí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ óò rí i pẹ̀lú pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó bá dìbò ni ó gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè pe pásítọ̀.

Lẹ́yìn ìwé òfin, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn àti bí ìjíròrò rẹ̀ ṣe rí. Bí wọ́n bá lè sọ fún yín àwọn tó ṣiyèméjì, àwọn tó kúrò àti àwọn tó dúró, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí ìgbà tí wọ́n dìbò, tàbí bí ó bá jẹ́ pé pásítọ̀ kan ló gbé e kọ́ síbẹ̀, mo máa rọra. Ẹ wo orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ àti àwọn tó ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ná owó, nítorí pé owó ni ó yọ St. Paul's lọ́wọ́ Jehu Jones. Bí ìjọ kan bá sọ pé òun gba aṣíkiri, ó yẹ kí ìwé ìnáwó rẹ̀ ní ibi tí a ti lè rí i. Kí ẹ sì béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n ti pe pásítọ̀ tí kì í ṣe ọmọ Swídìn tàbí Nọ́wè rí.

Nípa ìrìbọmi tí ẹ béèrè nínú ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà yín, ẹni tí a ti fi omi rì bọmi lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ní ìjọ yòówù, wọn kì í tún un ṣe fún un. Ìjọ Àńgílíkà tí ẹ ti wá kò jẹ́ àjèjì sí wọn pẹ̀lú, nítorí pé láti 2001 ni ELCA àti Ìjọ Episcopal, tó jẹ́ ẹ̀ka Àńgílíkà ní Amẹ́ríkà, ti ń gba àlùfáà ara wọn. Tábìlì Olúwa kò sì béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ di ọmọ ìjọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí máa ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹ máa bá wọn jọ́sìn títí di ìgbà náà láìtíì fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè láti jókòó gbọ́ ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.